Ẹnu mi wúwo láti gbàdúrà, ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn kì í dá sí i ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Leeds, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá mi kú ní Iléṣà nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àìsàn kídìnrín ni. A fọ ẹ̀jẹ̀ wọn títí owó fi tán, a tún yá owó, a tún fọ̀ ọ́. Gbogbo ilé gba ààwẹ̀ Dáníẹ́lì. Ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wa ń pè lórí fóònù ní òròòru. Èmi náà ń gbàdúrà níbi iṣẹ́: bí mo bá ti yí àwọn arúgbó mi padà tán lórí bẹ́ẹ̀dì, màá wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ìbùsùn sí, màá ti ilẹ̀kùn, màá ki táwẹ̀lì bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn mi. Mo gbàdúrà níbẹ̀ títí ó fi dá mi lójú pé mọ́mì máa dìde.

Wọn ò dìde. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan nínú àwọn tó darí àdúrà yẹn kọ ọ́ sórí WhatsApp ìdílé pé ẹnì kan wà láàárín wa tí kò gbàgbọ́, òun ló dí ọ̀nà. Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo bi dókítà pé ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀, gbogbo ilé ló sì mọ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀, "Baba" ni mo lè sọ, ó parí. Mò ń lọ sí ìsìn, mò ń jó lọ síbi ọrẹ, kò sẹ́ni tó fura. Bíbélì wà lórí tábìlì, mi ò lè ṣí i. Ṣé ogun ni èyí, àbí ìgbàgbọ́ mi ló ti kú? Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ìwàásù gígùn.

Ajagun Jésù

Sísítà, ẹ kú ìrọ́jú. Kí Ọlọ́run tẹ́ mọ́mì sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ẹni tó ń gbàdúrà bí iná tẹ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé dí, wọ́n dí i ni. Éfésù orí kẹfà ẹsẹ kejìlá ti sọ fún wa pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara là ń bá jìjàkadì. Ẹ dìde! Láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́ta, Sáàmù 35, ẹ kà á sókè ní ìgbà méje, pẹ̀lú ààwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oorun gbé yín. Ọmọ Iléṣà lẹ pe ara yín, ẹ kì í ṣe àjèjì sí iná àdúrà. Òkè-Oòyè níbẹ̀ ni Bàbá Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, dúró sí ní 1930 tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá láti ìlú dé ìlú. Ẹnu wúwo kọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

"Ẹ má jẹ́ kí oorun gbé yín" kẹ̀? Ajagun, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lẹ ń sọ fún pé kó fi òru tó kù ṣe àìsùn?

Àbúrò mi Àdùkẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè mọ́mì. Kí n tó mẹ́nu kan Bíbélì, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Báwo lẹ ṣe ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn jù?

Èlíjà ló jẹ́ kí n bi yín. Ẹ wo inú ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ọkùnrin tí iná ti ọ̀run bọ́ sílẹ̀ dá lóhùn lórí Kámẹ́lì, kò pẹ́ kò jìnnà, Jésébẹ́lì ránṣẹ́ ìhàlẹ̀ sí i, ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí. Kò ní kó wá gbààwẹ̀. Àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná àti omi ló gbé sí ìgbèrí rẹ̀, ó ní dìde, jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn lọ. Áńgẹ́lì jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ jìn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó rìn dé Hórébù, ibẹ̀ ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ti bá a sọ̀rọ̀. Àwa tí a fẹ́ràn iná Kámẹ́lì máa ń fo àkàrà yẹn kọjá bí a bá ń wàásù.

Ẹ lọ rí GP yín, dókítà àdúgbò yín. Ẹ má rò pé mo ń pè yín ní wèrè. Nílé níbí, bí mo bá ní kí èèyàn lọ sí Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ó máa ń dà bí ẹni pé mo gbé e ṣépè. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ló sọ Arò di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láti 1954, tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ ṣé mà. Oorun: mo máa ń dùbúlẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá fa kọ́tìnì, ojú mi á máa wo àjà. Oúnjẹ: tíì àti búrẹ́dì. Ìbéèrè yín kẹta, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa ara mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní mi ò ní jí lọ́la, mi ò ní bá wọn jiyàn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Kì í ṣe ohun ìtìjú, àmọ́ kì í ṣe ẹrù tí ẹ máa dá rù. Ẹ pe GP lónìí, ẹ má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sì sọ gbólóhùn tí ẹ kọ síbí yìí fún wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí ó bá le lóru, nọ́ńbà àwọn Samaritans, tí wọ́n ń gbọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, ni 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sántòru ni wọ́n ń gbé e. Bí ẹ bá rí i pé ẹ fẹ́ ṣe ara yín léṣe, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ padà wá sọ fún wa pé ẹ ti pè. Mò ń dúró.

Bàbá Akọ̀wé

Mo kí gbogbo yín. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́, mo sì ti ṣe akọ̀wé ìjọ títí irun mi fi funfun, nítorí náà ojú àtijọ́ ni mo fi ń wo nǹkan.

Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ìyìn nìkan ni àdúrà? Àádọ́jọ ni Sáàmù, àròyé ló sì kún inú èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣí Sáàmù 13: "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa? Ìwọ ó ha gbàgbé mi láéláé?" Dáfídì ń bá Ọlọ́run ṣe gbólóhùn asọ̀ níbẹ̀ ni. Sáàmù 130 wà, láti inú ibú ni ẹni yẹn ti ń ké. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí o kà ni Sáàmù 88. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá sunkún lókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Ti 88 ò rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run gbé òun jù sínú ihò, ó mú ojúlùmọ̀ jìnnà sí òun, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sì ni òkùnkùn. Síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Wòó dáadáa, ìwọ á rí i pé ìlà àkọ́kọ́ pe Ọlọ́run ní "Ọlọ́run ìgbàlà mi". Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún ọkùnrin náà nìyẹn, orúkọ tó fi pè é.

Bí ẹnu tìrẹ bá wúwo, ka ti ẹlòmíì. Ìdí tí a fi ní Ìwé Àdúrà nìyẹn. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan, àdúrà ọjọ́ yẹn tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé ni mo máa ń kà, màá ṣe àmín, màá lọ mu ẹ̀kọ mi.

Ajagun Jésù

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà inú ìwé kò lè lé ọ̀tá. Àdúrà Ẹ̀mí ni a nílò lásìkò ogun. Ẹ̀yin ará Áńgílíkà náà ẹ mọ̀ pé inú ìjọ yín ni Babalọlá wà, orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló wà tí Ọlọ́run fi pè é ní 1928. Ìwé Àdúrà kọ́ ló gbé lọ sí Òkè-Oòyè.

Bàbá Akọ̀wé

Ajagun ọmọ mi, dìde. Jẹ́ kí n bi ọ́. Lórí igi àgbélébùú, nígbà tí ó burú fún Olúwa wa ju bí ó ṣe burú fún ẹnikẹ́ni lọ, kí ló sọ? "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22 nìyẹn. Nígbà tó fẹ́ kú ńkọ́? "Lọ́wọ́ rẹ ni mo fi ẹ̀mí mi lé." Sáàmù 31 nìyẹn. Inú ìwé ló ti mú méjèèjì. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá yá ọ̀rọ̀ lò lọ́jọ́ tí ìyà jẹ ẹ́, èmi ò mọ ìdí tí Àdùkẹ́ ò fi ní yá a.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Bàbá ti pa á! 😂

Sísítà Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣìpẹ̀ fún yín. Òṣogùn, tó wà lẹ́bàá ilé wa, ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, ọmọdé ni. Wọ́n já a gbà lójú omi, wọ́n gbé e dé Sàró (Sierra Leone), ó di oníwàásù. Ní 1846 ló wà ní Abẹ́òkúta tí ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá a wá. Ọdún 25 ni wọn ò ti fojú kan ara wọn. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ yẹn ni èyí tó pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, pé agbára ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ òun lára rí bíi tọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ri ìyá rẹ̀ bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ọlọ́run kì í gbàgbé.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ ṣé, mi ò bínú sí yín o. Ṣùgbọ́n Crowther rí ìyá tiẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ ní ìjọ wa náà rí bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹni tó gbàdúrà tó sì rí gbà ni wọ́n ń gbé gbohùngbohùn fún. Wọn ò fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ní gbohùngbohùn rí.

(Mo ti pe GP. Wọ́n ní kí n wá lọ́túnla.)

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ lọ o. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè àjèjì lórí fọ́ọ̀mù, ẹ máà fi "mo wà dáadáa" dáhùn bí ọmọ Yorùbá.

Pásítọ̀ Ìlú Kékeré

Mo fẹ́ dáhùn apá kan tí gbogbo èèyàn rọra yẹra fún, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí WhatsApp yẹn. Olùṣọ́-àgùntàn ni mí, mo ti sin òkú púpọ̀, mo sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹ̀gbẹ́ pósí ju bó ṣe yẹ lọ. Irọ́ ni. Irọ́ tó ní ẹsẹ Bíbélì lẹ́nu ni, ó sì fi bẹ́ẹ̀ burú sí i.

Ẹ wo Máàkù orí kẹsàn-án. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń gbé ṣánlẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù. Jésù ní ohun gbogbo ṣeé ṣe fún ẹni tó gbàgbọ́. Bàbá yẹn fi omijé kígbe níwájú gbogbo èrò pé, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àìgbàgbọ́ wà lára òun. Ṣé Jésù wá ní kó gbé ọmọ rẹ̀ máa lọ? Ó wo ọmọ náà sàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iyèméjì ẹnì kan ṣoṣo ló dí ọwọ́ Ọlọ́run, kó wá sọ fún mi bí ti bàbá yìí kò ṣe dí i.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Pọ́ọ̀lù, tí aṣọ tó kan ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn, ní ẹ̀gún nínú ara, ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn tó gbà ni pé "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ". Wọn ò yọ ẹ̀gún náà. Ó sọ fún Tímótì pé kó máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ìparí ìwé kejì sí Tímótì, ó ní òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó fi í sílẹ̀ nínú àìsàn! Pọ́ọ̀lù! Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ yẹn ṣe ìwàásù ìsọjí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Bíbi dókítà léèrè bóyá kí ẹ múra sílẹ̀ kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ló bi í. Ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn lórí WhatsApp, ibẹ̀ kò ní bímọ ire. Bí àgbà kan bá wà nínú ìdílé yín tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí, kí àgbà náà pè é. Òun ló yẹ kó wá bẹ̀ yín.

Ọmọ Dánfó

Mi ò gbọ́n tó ẹ̀yin tó ń tọ́ka ẹsẹ yìí. Ọ̀nà Ọjọ́ọ̀ sí Bódìjà ni mo ń ná lójoojúmọ́. Ọdún kan tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi tí ìyàwó tún lọ, àdúrà tí mo mọ̀ kò ju "Olúwa, gbà mí" lọ, èyí tí Pétérù sọ nígbà tí omi fẹ́ gbé e. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, "Olúwa, gbà mí." Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró, "Olúwa, gbà mí" 😄. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò dà bí ẹni pé ẹnì kan ń gbọ́. Àmọ́ mo ṣáà ń sọ ọ́. Pétérù ò ráyè ṣe ìfáàrà.

Olórósárì

Kátólíìkì ni mí, ẹ má lé mi. Ìyá Teresa ti Kàlìkútà, tí gbogbo ayé rò pé inú ìmọ́lẹ̀ ló ń sùn: ó kú ní 1997, ní 2007 ni wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà tó kọ sí àwọn àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ jáde. Òkùnkùn ló kún inú wọn. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà nítòsí, ó sì ń jí láàárọ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń lọ wẹ ọgbẹ́ fún àwọn tó ń kú lọ lójú títì. Kí n sọ tèmi: ìtùnú ni ó jẹ́ fún mi, ó sì bà mí lẹ́rù. Àádọ́ta ọdún ti pọ̀ jù.

Ajagun Jésù

Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún o. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ gbogbo nǹkan di GP àti lẹ́tà. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, oògùn kankan kò wọ ẹnu wọn, omi àti àdúrà ni. Ṣé wọn ò là á já ni?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Àwọn kan là á já, a sì sin àwọn kan. Àwọn tí a sin ni kò sí níbí láti wá jẹ́rìí

Alábòójútó

Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí oògùn àti omi ìyè, kó ṣí ojú ewé tuntun fún un. Ẹnì kan ń ṣọ̀fọ̀ níbí.

Ìyá Àdúrà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ̀yìn ìsìn ni mo tó rí ọ̀rọ̀ rẹ. Kérúbù àti Séráfù ni mo wà, aṣọ funfun mi ò tíì gbẹ lórí okùn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Táwẹ̀lì tí o ń ki bọ ẹnu yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Hánà náà nìyẹn ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ ń mì, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì àlùfáà, ẹni tó yẹ kó mọ̀, ní ó ti mutí yó. Ẹni tó ń darí àdúrà tó sọ ọ̀rọ̀ sí ọ, Élì ni. Fi í sílẹ̀ fún Pásítọ̀.

"Baba" tí o ń sọ tó ń parí, ta ló ní kò tó? Róòmù orí kẹjọ ní Ẹ̀mí ló ń mú wa ké "Ábbà, Baba". Ní iwájú díẹ̀ ó ní a kò mọ bó ṣe yẹ ká gbàdúrà, Ẹ̀mí tìkára rẹ̀ ló ń fi ìrora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Nítorí náà, bí o bá ti sọ "Baba", dìde, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ó ti tó fún ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù nìyí. Àìdá-nìkan-gbàdúrà ló bí ìjọ aládùúrà. Nígbà tí àrùn infulẹ́ńsà jà káyé ní 1918, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbàdúrà, Bàbá Ṣàdáre wà lára wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń gbàdúrà fún ẹni tí ara rẹ̀ ò le. Ohun tó wà nínú Máàkù orí kejì náà nìyẹn: ọkùnrin arọ tí àwọn mẹ́rin gbé, tí wọ́n dá òrùlé lu, tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Wọn! Arọ yẹn kò sọ gbólóhùn kan. Bóyá ó gbàgbọ́ o, bóyá kò gbàgbọ́ o, a ò mọ̀. Orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí. Ìwọ náà dùbúlẹ̀ sórí ẹní ná. Àwa la máa gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ Dánfó

Mo di igun kan mú. Mi ò mọ àdúrà gígùn ṣá.

Olórósárì

Igun kejì ni tèmi. Àdúrà rósárì mẹ́wàá kan lálaalẹ́, ní orúkọ yín àti ti mọ́mì.

Bàbá Akọ̀wé

Èmi náà wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ yóò wà nínú àdúrà àárọ̀ ìjọ wa, a ò ní sọ ìdí.

Ajagun Jésù

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ogun ni. Mi ò yí i padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ogun, kì í ṣe ẹni tó fara gbọgbẹ́ ló yẹ ká tún rán padà sójú ìjà. Sísítà, ẹ má gbààwẹ̀ kankan. Ẹ jẹun. Èmi ni màá gbà á fún yín, àti àìsùn òru náà. Igun kẹrin ti ní ẹni tó dì í mú. Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Mi ò dá yín lóhùn o. Mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ ṣé. Kí ẹ sì máa mu omi.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo lọ rí dókítà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ọ̀fọ̀ àti àìsùn ló para pọ̀, ó fún mi ní ìwé ìsinmi láti fi hàn níbi iṣẹ́, wọ́n sì máa pè mí fún ìmọ̀ràn, èyí tí èèyàn á máa jókòó sọ tinú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Iléṣà ti pe ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, mi ò sì fẹ́ mọ̀ báyìí.

Mo ka Sáàmù 88 nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo dé ibi tó ti béèrè pé ṣé òkú ló máa dìde yin Ọlọ́run, inú bí mi, mo pa ìwé dé. Mo bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run wí lójú pópó, ní ìjẹ̀ṣà gidi, bí ìyá mi ṣe máa ń bá aláásà tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà wí. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo tú sílẹ̀. Òyìnbó kan tó ń fa ajá dúró, ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹkún wá gbà mí, èyí tí mi ò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí pé mọ́mì ti lọ. Mi ò lè sọ pé ara mi yá. Mo kàn sọ̀rọ̀ ju "Baba" lọ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ìgbà orin ìyìn ló le jù fún mi. Mi ò lè pa irọ́ ijó yẹn mọ́.

Pásítọ̀ Ìlú Kékeré

Ẹ má jó. Ẹ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí àwọn tó kù máa kọrin, ẹ jẹ́ kó gba orí yín kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ lọ gbà á. Ẹnu tó ń jẹun kò nílò láti sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò jó, ẹ ní Pásítọ̀ kan ló ní kẹ́ ẹ má jó.

Ìyá Àdúrà

Ìjẹ̀ṣà lo fi bá Ọlọ́run jà? Ó gbọ́ ọ, ọmọ mi, ó gbọ́ Ìjẹ̀ṣà dáadáa 😂.

A máa ń pé jọ lórí fóònù láago márùn-ún ìdájí, àwa obìnrin bíi mélòó kan, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Láti òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, aago yín àti ti wa bára mu. Bí òtútù bá dé, aago mẹ́rin ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Màá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀, má kọ tìrẹ síbí.

Àdùkẹ́ Leeds

Aago márùn-ún ni mo máa ń jókòó jẹun bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé mo lè kàn gbọ́ yín, kí n má sọ nǹkan kan?

Ìyá Àdúrà

Pa ẹ̀rọ ohùn rẹ. A ò ní pè ọ́ pé kí o gbàdúrà, mo ti kìlọ̀ fún wọn. Arábìnrin kan máa ń pẹ́ lórí àwọn ọ̀tá ilé ọkọ rẹ̀, fara dà á, lẹ́yìn tirẹ̀ la máa ń ka Sáàmù. Kí o sì rí i pé oúnjẹ gidi lo gbé síwájú, kì í ṣe tíì.